Kẹ́tù Ló Dànù: Ìrántí Àlàájà Oníke

Lọ́jọ́ tó ṣáájú àdúà ọjọ́ kẹjọ Màmá, Bọ̀dá Lámídì pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Bọ̀dá Lámídì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, òun ni àkọ́bí Màmá, òun sì ni olórí ilé wa báyìí. Ó ní èmi tí mo bá Màmá gbé jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ ni kí n dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Ó ní kí n sọ nípa ọjà tó tà, kí n sọ nípa Mẹ́kà tó lọ, kí n sọ nípa inú rere rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Kúdí, jọ̀ọ́, yọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀. Àwọn àna wa ń bọ̀.”

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Kí n má purọ́, inú mi dùn pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, torí ojú ti ń ti èmi náà láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, ohùn Màmá ló kún etí mi. Ó ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tára rẹ̀ ṣì le, ó na ìka sí mi nímú, ó ní: “Bí mo bá kú, tí ẹ fi àìsàn mi pamọ́, ẹ ti sin mí lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.”

Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ní, àgbà méjì ló sì ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí mo mọ̀ nípa Màmá jọ, mo fẹ́ wò ó bóyá ìtàn rẹ̀ ṣeé sọ kí ìtọ̀ má sí níbẹ̀.

Sìkírátù ni wọ́n sọ ọ́. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó lọ́kọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ta ike títí gbogbo àdúgbò fi gbàgbé Sìkírátù. Àlàájà Oníke ni wọ́n ń pè é. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: korobá lórí korobá, báàfù, abọ́ onídèérí, àga ike, àti kẹ́tù àlùwàlá tó máa ń so kọ́ lókè bí ẹni so ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oníbàárà tó bá ná ọjà rẹ̀ ní ìnákúnàá máa gbọ́ Ìjẹ̀bú tó jinlẹ̀, èyí tí àwa ọmọ-ọmọ tí à ń sọ Yorùbá ilé-ìwé kì í gbọ́ tán. Ó lè bú èèyàn tán kó tún fi ife kan ṣe ènì fún un.

Ẹ̀gbin ni ọ̀tá rẹ̀. Kẹ́tù tirẹ̀, aláwọ̀ ewé, ní ààyè tirẹ̀ lẹ́bàá kànga, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án ti ra ìjà. Bí ọmọ kan bá tọ̀ sórí ẹní, Màmá á fọ ẹní, á fọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹní, á tún fọ ògiri ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó ní ṣebí ògiri náà rí i. Atọ̀ọ́lé ni èmi náà nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀yìn ilé ló máa ń mú mi lọ láàárọ̀ láti da omi sí mi lára. Kì í nà mí, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò mí ta ju pàṣán lọ. “Atọ̀ọ́lé,” á pè mí, bí ẹni pe orúkọ àbísọ mi. Á wá ní: “Ìdajì ìgbàgbọ́ ni ìmọ́tótó. Ìdajì tó kù, kí kálukú lọ wá tirẹ̀.”

Ìrìn rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Màmá kì í rìn, ó ń fò ni. Bí a bá jọ ń lọ sọ́jà, èmi ọmọdé ni mo máa ń sáré tẹ̀lé e. Ọlọ́kadà á dúró, á ní kí Màmá gùn ún, Màmá á ní ọ̀kadà náà kò lè bá òun dé ibẹ̀. Ìgbà tó yá, ìrìn náà yí padà. Kì í ṣe pé orúnkún ń dùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn kọ̀, kò fẹ́ gbéra nílẹ̀ mọ́. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, á wọ́ ẹsẹ̀ kan, á tún dúró. Bí ó bá fẹ́ yí padà, á máa gbé ẹsẹ̀ kéékèèké títí kó tó kọjú síbi tó ń lọ.

Bọ̀dá Lámídì ní ogbó ni. Ìyá mi ní làkúrègbé ni, ó ra òróró ìpara wá. Èmi ní sálúbàtà rẹ̀ ló wúwo jù, mo ra òmíràn fún un. Màmá gba ti gbogbo wa. Ó para, ó wọ sálúbàtà tuntun, kò sì sí èyí tó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń kánjú, tí mo sì ń pòṣé, ó ní: “Má bínú sí mi, Kúdí. Èmi fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni kò fi mí sílẹ̀.”

Ìgbàgbé náà bá a dé. Á fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, á tún fi sí i. Á sọ ìtàn kan tán, á mu omi, á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. A ní Màmá ti ń darúgbó, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò fi béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aṣọ rírán ni iṣẹ́ mi, èmi ni mo sì ń rán ti Màmá. Funfun ló máa ń wọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ àsàlátù, funfun tó mọ́ débi pé èèyàn á bẹ̀rù láti jókòó tì í. Ṣàdédé ló kó aṣọ dúdú àti aláró wá bá mi. Ó ní kí n fi láínì nínípọn sí i, àgàgà láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, “Màmá, àbí ẹ fẹ́ tún ọkọ fẹ́ ni?” Nígbà mìíràn ìbá ti fún mi lésì tó máa pa mí lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń ká etí aṣọ náà mọ́wọ́. “Funfun ti sú mi,” ló wí.

Mo rán an. Mo tilẹ̀ rán an dáadáa.

Ẹni tó kàn nínú ìtàn yìí ni Ìyá Ráṣídì. Ọmọ Ìbefun ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, gọ́tà kan ló là wá láàárín. Òun àti Màmá jọ lọ sí Mẹ́kà, wọ́n jọ ń lọ sí àsàlátù ní ọjọ́ Àìkú, orí ẹní kan náà ni wọ́n sì máa ń jókòó sí, èjìká sí èjìká. “Ìbefun” ni Màmá ń pè é, òun náà á pe Màmá ní “Oníke”. Mi ò rí ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á ti ṣàdúà.

Ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí wọ́n ń múra àsàlátù, Màmá wọ́ ẹsẹ̀ dé etí gọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó ní Ìbefun ló ń gbá pàǹtí sínú gọ́tà, òun ló dí i, òun ló jẹ́ kí omi dúró níwájú ilé wa. Ìyá Ráṣídì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹní lábíyá.

“Oníke, kí ló dé? Ṣebí ìjẹta la jọ kó gọ́tà yìí.”

“Má pè mí! Má tún pè mí mọ́!”

Màmá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ náà, kò sì lọ mọ́. Nígbà tó yá, kò dé mọ́ṣáláṣí rárá, inú yàrá ló ti ń kírun. Àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ní ìgbéraga ni. Àwa ará ilé ní ẹni tó bá bá ìyá wa jà, gbogbo wa ló bá jà. Bọ̀dá Lámídì mú bíríkìlà wá, ó fi sìmẹ́ǹtì gbé etí gọ́tà ga ní apá tiwa. Ìyá mi kò fi sààráà ránṣẹ́ sọ́hùn-ún mọ́. Èmi, bí mo bá rí Ìyá Ráṣídì tó ń bọ̀, fóònù ni mo máa ń tẹ̀ títí yóò fi kọjá. Ó sì máa ń kí mi. Ó lé lọ́dún kan tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wá bẹ Màmá títí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gọ́tà ò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ pín ẹní. Èsì kan náà ló ń fún wọn: “Ẹ sọ fún Ìbefun kó dúró ní òdìkejì gọ́tà.”

Ọ̀sán gangan ló ṣubú. Mo ń rán yunifọ́ọ̀mù, mo gbọ́ nǹkan tó dún gbì ní ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó sáré débẹ̀, ẹlòmíràn ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ìyá Ráṣídì rí i láti iwájú ilé tirẹ̀, gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ó sì fo gọ́tà, arúgbó bíi tirẹ̀, ó fo sìmẹ́ǹtì tí Bọ̀dá gbé ga. Orí Màmá wà lórí itan rẹ̀. Ó ti tú ìró òkè ara rẹ̀, ó ti fi wé Màmá ní ìbàdí. Kẹ́tù aláwọ̀ ewé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi sì kún ilẹ̀.

“Kẹ́tù ló dànù,” ni Ìyá Ráṣídì wí kí n tó la ẹnu. “Omi kẹ́tù ló yọ̀ ọ́. Lọ mú aṣọ gbígbẹ wá.”

Mo gbà á gbọ́, mo lọ mú aṣọ wá.

Ọkọ̀ Bọ̀dá la fi gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá Ráṣídì wọ ọkọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, kò sì sí ẹni tó láyà láti ní kó sọ̀ kalẹ̀. Egungun Màmá kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọjọ́ orí mi lọ, kò jẹ́ ká máa lọ. Ó ní kí Màmá dìde kó rìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ó béèrè ìgbà tí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀, ó béèrè bóyá Màmá ń gbàgbé nǹkan. Lẹ́yìn náà ló fà mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.

“Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ìtọ̀ máa ń bọ́ lọ́wọ́ yín?”

“Èmi? Ọlọ́run má jẹ́! Rárá o.”

Dókítà gbé bírò láti kọ ọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Ráṣídì, tó jókòó sí ìdí ògiri, ti sọ̀rọ̀.

“Dókítà, èmi ni. Ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ èmi. Ẹ sọ ohun tó ń fà á fún mi, kí àwa méjèèjì jọ gbọ́.”

Bọ̀dá Lámídì gbójú sókè, ó ń wo fáànù. Èmi ń wo bàtà mi. A wá gbọ́ tí Màmá ń sunkún.

“Irọ́ ló ń pa, Dókítà. Ìbefun mọ́ bí omi òjò. Èmi ni. Ó ti lé lọ́dún kan. Lẹ́yìnkùlé lónìí náà, èmi ni, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ da kẹ́tù sílẹ̀ káwọn ọmọ mi má baà mọ̀. Èmi ni atọ̀ọ́lé.” Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Mi ò bá ọ jà rí. Orí ẹní kan náà la máa ń jókòó sí. Mo ní kó o jìnnà ni, kí òórùn mi má baà bá ọ.”

Ìyá Ráṣídì kò dìde níbi tó jókòó sí. Ó ní: “Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ kó o tó bá mi jà, Oníke. Ṣé o rí i pé mo sún sẹ́yìn?”

Mo ti rán aṣọ fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn, mo ti fi okùn wọn gbogbo ibi ara wọn, mi ò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ìyá ìyá mi. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn débi pé mi ò lè wo ojú Ìyá Ráṣídì tí mo ti ń tẹ fóònù fún.

Wọ́n ní ká lọ ya àwòrán orí. Ìgbà tí a padà dé, dókítà wo àwòrán náà, ó mú píọ̀ wọ́tà kan lórí tábìlì rẹ̀, ó gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Ó ní kò sí orí tí kò ní omi nínú. Omi náà yí ọpọlọ ká, ọpọlọ ń léfòó nínú rẹ̀ kó má baà máa gbá agbárí. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ni omi náà ti ń wá. Àwọn yàrá kéékèèké wà láàárín ọpọlọ, ìdì iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-tín sì wà nínú wọn tó ń sẹ́ omi yìí lára ẹ̀jẹ̀, bá a sùn bá a jí. Ní òwúrọ̀ sí òwúrọ̀ kejì, ohun tí wọ́n sẹ́ á tó ọ̀rá omi kan.

“Gbogbo ọ̀rá yìí? Nínú orí èmi nìkan?”

“Kì í jọ dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Màmá. Èyí tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí kò ju ife tíì kékeré kan lọ. Tuntun ń wọlé, èyí tó ti pẹ́ ń jáde.”

Ó fi ìka tọ ọ̀nà omi náà lórí ara rẹ̀ kí Màmá lè rí i. Omi náà ń ti yàrá dé yàrá, á gba ihò tóóró jáde, á yí ọpọlọ po, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ògóóró ẹ̀yìn, á sì tún gòkè. Ní òkè orí, lábẹ́ agbárí, àwọn ẹnu kéékèèké wà tó ń fà á padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti wá, inú ẹ̀jẹ̀ náà ló ń padà sí. Ti Màmá, àwọn tó ń sẹ́ omi kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó ti padà wọnú ẹ̀jẹ̀ kò gbà á bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn yàrá inú ọpọlọ rẹ̀ wá ń fẹ̀, wọ́n ń tẹ ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ àti sí àpò ìtọ̀. Mo béèrè ohun tó fà á. Ó ní nígbà mìíràn, ẹni tó fi orí gbá tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ya sí lórí rí ló máa ń ní in, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, wọn kì í rí ìdí rẹ̀.

Màmá ò tíì gbójú kúrò lára ọ̀rá omi náà. “Dókítà, omi yẹn, ṣé ó mọ́?”

Dókítà ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè. Àwa tí a mọ ọ̀rọ̀ ìdajì ìgbàgbọ́, a mọ̀ ọ́n. “Ó mọ́, Màmá. Ó mọ́ gaara bí èyí tó wà lọ́wọ́ yín.”

“Kì í ṣe òun ló ń jáde bí ìtọ̀?”

“Rárá o. Ọ̀nà wọn ò pàdé.”

Màmá mí kanlẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí a ti gbàgbé pé ó lè ṣe, ó rẹ́rìn-ín. “Ìbefun, o gbọ́? Láti èṣí ni mo ti ń bá ọ jà nítorí gọ́tà. Gọ́tà orí mi ló dí!”

Wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú omi náà láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fẹ́ wò ó bóyá ìrìn rẹ̀ á yàtọ̀. Màmá ní kí wọ́n gbé ìgò rẹ̀ wá kóun rí i. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó, ó ní “Alhamdulilahi.” Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní kó rìn. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò fò bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, Ìyá Ráṣídì sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Ilé ìwòsàn tó tóbi ju ìyẹn lọ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín kan sí i lábẹ́ awọ ara, láti inú yàrá ọpọlọ wá sí inú ikùn, kí omi tó bá pọ̀ jù lè gba ibẹ̀ lọ, kí ikùn sì fà á mu. “Wọ́n ti ṣe gọ́tà tuntun fún mi,” ló máa ń wí fún àwọn tó bá wá kí i. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà. Ó fi ọ̀pá rìn títí dọ́jọ́ ikú rẹ̀. Ìtọ̀ náà dín kù gan-an, kò tán pátápátá. Orúkọ ìyá mi ló sì máa ń pè mí nígbà mìíràn. Dókítà sọ fún wa láìbú wa pé bí a bá ti tètè wá, èyí tó máa padà ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ṣì máa ń ronú kan sálúbàtà tí mo rà.

Ohun kan ṣì ń dùn ún. Ó ránṣẹ́ pe álífáà wa, ó ní kí gbogbo wa jókòó, ó sì béèrè ìbéèrè tó ti ń sá fún. Álífáà ní ẹni tí ìtọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí àsìkò ìrun bá ti wọlé, kó fọ ara rẹ̀ mọ́, kó de ibẹ̀ dáadáa, kó ṣe àlùwàlá, kó kírun rẹ̀. Èyí tó bá sì jáde lẹ́yìn ìyẹn kò ba ìrun rẹ̀ jẹ́. Ó ní ẹ̀sìn kì í ni èèyàn lára. Màmá mi orí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. “Ìbéèrè bíńtín báyìí ni mo fi ìtìjú sin.”

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n rán funfun fún òun. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òun àti Ìyá Ráṣídì jọ lọ sí àsàlátù pẹ̀lú ẹní kan ṣoṣo, èmi sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí àwọn ìyá kí i káàbọ̀ tán, ó fi ọ̀pá dìde. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni.

“Ẹ̀yin ìyá, èmi Àlàájà Oníke tí mo máa ń pe ọmọ yín ní atọ̀ọ́lé, èmi náà di atọ̀ọ́lé. Ìtọ̀ ló ń bọ́ lọ́wọ́ mi tí mi ò fi wá. Mi ò bá Ìbefun jà, ojú ló ń tì mí.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àwọn kan fi gèlè bo ẹnu. Ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Màmá ò dúró. “Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Omi ló pọ̀ jù lórí mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń gbàgbé, tí ìtọ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà. Kó lọ rí dókítà.”

Ìròyìn ti dé etí Bọ̀dá Lámídì kí a tó délé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Màmá, ẹ ti tú wa síta.” Màmá ò tilẹ̀ dúró jà. “Ta ni mo tú? Ara mi ni mo tú. Kúrò lọ́nà, ẹsẹ̀ mi ti gbà láti rìn.”

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wá ná kẹ́tù. Wọ́n á mú un lọ́wọ́, wọ́n á wò ó yíká, wọ́n á béèrè èló ni. Bí mo bá dáhùn, wọn ò ní sanwó, wọn ò sì ní lọ. Wọ́n á dúró títí màá fi wọlé, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Àlàájà, ọ̀rọ̀ yẹn...” Ti òmíràn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó bímọ, ti òmíràn jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Màmá kì í ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, dókítà náà ló ń rán wọn lọ bá. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, á sì sọ tirẹ̀ fún wọn láìyọ ọ̀kan. Ìlànà tó fi lélẹ̀ fún mi nìyí: “Kúdí, ẹni tó bá ń ná kẹ́tù tí kò rà á, gbé àga fún un.”

Àìsàn àyà ló pa á, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. A sin ín lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ta ìbòòrùn síwájú ilé, àwọn àna wa dé, álífáà ṣe wáàsí nípa sùúrù Màmá, àwa tí a mọ̀ ọ́n sì ń wo ilẹ̀. Wọ́n wá pè mí.

Mo sọ nípa ike. Mo sọ nípa Mẹ́kà. Mo sọ nípa ìrìn rẹ̀ àti ọlọ́kadà, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo sọ nípa aṣọ funfun, mo sì dé ibi tí aṣọ funfun ti parí. Mo rí Bọ̀dá Lámídì tó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ àwọn àna. 

“Lẹ́yìn náà,” ni mo wí, “Màmá ṣe àìsàn ránpẹ́ kan.”

Bọ̀dá mi orí, ara tù ú. Mo fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyá Ráṣídì jókòó níwájú, lórí ẹní tí òun àti Màmá jọ máa ń lò, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó gbé e sókè sí mi.

“Kúdí,” ló wí, gbogbo èèyàn sì gbọ́. “Kí ló dànù?”

Ojú tì mí. Ojú tì mí nítorí àwọn àna, ó tún wá tì mí nítorí pé ó tì mí. Mo wo ààyè tó ṣófo lórí ẹní náà.

“Ìtọ̀ ni, mà.”

“Ẹn-ẹ́n,” ni Ìyá Ráṣídì wí. “Máa wí.”